Bàbá Ọwọ́-ò-gbọ̀n, Onígbàjámọ̀ Tó Fá Orí Ọ̀gágun Dé Ìdajì

Ọdún 1936 ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n wa, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wa. Onígbàjámọ̀ ni bàbá wa, onígbàjámọ̀ ni bàbá tó bí wọn. Ìyá wa ń ta ọṣẹ. Èmi àbúrò wọn ni mò ń kọ èyí. Àwọn ọmọ ní kí n má jẹ́ kó gùn, mo ti gbọ́.

Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà. Ní 1951 wọ́n mú abẹ. Bàbá wa kọ́ wa pé ká tó ṣí abẹ sórí ẹnikẹ́ni, ká wí i sókè: "Ọlọ́run, di ọwọ́ mi mú." Ẹ̀gbọ́n wa ò fò ó rí, ìbáà jẹ́ orí ọmọ ọwọ́. Ọwọ́ tèmi ń gbọ̀n ní tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi lọ ń ta bàtà.

Ní 1961 wọ́n fẹ́ ìyàwó wọn, aránṣọ òdìkejì títì. Ẹnu ìyàwó wa mú ju abẹ lọ!

Ní 1974, Ọ̀gágun tó gbàjọba sọ wọ́n di onígbàjámọ̀ ẹ̀. Kókó kan wà ní apá òsì orí ẹ̀. Ẹni tó ṣáájú gé e níbẹ̀, àtìmọ́lé ló bá ara ẹ̀. Ọ̀gágun wá pàṣẹ pé òṣìṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ pe Ọlọ́run kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mọ́, orúkọ òun ni kí wọ́n máa pè.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé kan, ó sùn lọ lórí àga, kò gbọ́ àdúrà àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n wa fá apá ọ̀tún tán, wọ́n pa abẹ dé, wọ́n nu ọwọ́. Kí wọ́n tó tún un ṣí, wọ́n tún gbàdúrà. Ọ̀gágun lajú.

"Ta lo ń pè?"

"Ọlọ́run ni, sà."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ni orí, sà. Òun ló ni ọwọ́."

"Pe orúkọ mi, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n yìnbọn fún ẹ!"

Ẹ̀gbọ́n wa fi abẹ wọn sápò. "Ó yá ká lọ, sà."

Àwọn sójà tì wọ́n mọ́lé. Ìyàwó wa gbé oúnjẹ lọ, wọ́dà ní, "Màmá, ẹ ní kí wọ́n pe orúkọ Ọ̀gágun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnu lásán ni."

"Ẹnu yẹn náà ni wọ́n fi fẹ́ mi níwájú Ọlọ́run. Gbé oúnjẹ wọn fún wọn."

Pẹ́réèdì tí Ọ̀gágun máa ti gba sàlúù àwọn sójà ku ọjọ́ mẹ́ta, ìdajì orí ẹ̀ ò tíì fá. Kò sí onígbàjámọ̀ tó fẹ́ fọwọ́ kan kókó yẹn. Ọ̀kan ní eéwo sọ òun lọ́wọ́, èkejì ní òun ò ríran mọ́. Ọ̀gágun ń dé fìlà jẹun. Nígbà tó di Sátidé, ó ní kí wọ́n mú ẹ̀gbọ́n wa wá látìmọ́lé, ó ṣí fìlà.

"Gbàdúrà ẹ, kíá!"

Wọn ò ṣe kíá. Wọ́n gbà á dáadáa, wọ́n tún gbàdúrà fún Ọ̀gágun náà. Wọ́n fá a tán, kókó ò rí nǹkan kan, wọ́n sì rìn wálé. Látìgbà náà la ti ń pè wọ́n ní Ọwọ́-ò-gbọ̀n.

Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì láràárọ̀ Sọ́ńdè. Gbogbo Mọ́ńdè, wọ́n ń fá irun àwọn aláìsàn ní ọsibítù lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n sùn ní 2023, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Wọ́n fi ìyàwó wọn sílẹ̀, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti èmi aláròyé.

Èmi ni mo fá irun wọn kẹ́yìn. Mo mú abẹ wọn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo wí i sókè bí bàbá wa ṣe kọ́ wa. Ọwọ́ mi dúró.

Ẹ sùn re, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó ni ọwọ́ yín ti dì í mú.