Ọwọ́ Màámi àti Oúnjẹ Dúdúyẹmí

                                        Ilé Wẹ́dà,
                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìlọ̀gbàdo.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án.

Awẹ́lẹ́wà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà báyìí? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé àbígbẹ̀yìn rẹ yẹn á ti máa pàṣẹ fún gbogbo yín nínú ilé. Bá mi kí ọkọ rẹ dáadáa, kí o sì sọ fún un pé ilẹ̀kùn tó bá wa tún ṣe kí ẹ tó lọ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké o. Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, ẹ kú àìsùn, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n tètè gbádùn. Tiwa níhìn-ín, a dúpẹ́. Ara mi le, àmọ́ ikùn mi ti yọ débi pé, bí mo bá dúró, n kì í rí ẹsẹ̀ ara mi mọ́.

O ti mọ̀ mí. Bí Aláròyé bá ń kí èèyàn kiri bẹ́ẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò fẹ́ sọ. Ó dáa, jẹ́ kí n sọ ọ́. Dúdúyẹmí ti bí. Òun fúnra rẹ̀ wà láàyè, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ló kù nínú àwọn ọmọ rẹ̀.

Jọ̀ọ́, má bínú. Mo mọ ohun tí abo ẹlẹ́dẹ̀ yẹn jẹ́ fún ọ. Láti kékeré rẹ̀ lo ti ń sọ pé àwọn ọmọ rẹ̀ lo máa fi bẹ̀rẹ̀ ọgbà tìrẹ tí ara bàbá bá yá tí ẹ sì padà dé. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n kí n má tàn ọ́, kì í ṣe tìtorí ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni mo ṣe jókòó kọ̀wé yìí. Tìtorí Màámi ni. Wọ́n ti ń di ẹrù wọn. Wọ́n ní àwọn ń padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí oṣù yìí bá parí, bẹ́ẹ̀ oyún mi ti wọ oṣù kẹjọ. Mo ti bẹ̀, mo ti sunkún, wọn ò gbọ́. Ìwọ nìkan ni mo rò pé ó lè dá wọn dúró. Jẹ́ kí n ro ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O rántí pé iṣẹ́ agbẹ̀bí ni Màámi ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ní àdúgbò tí a ti tọ́ mi dàgbà, agbára káká ni wàá fi rí ilé tí ọwọ́ wọn ò ti gba ọmọ. Torí tèmi ni wọ́n ṣe wá síbí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé, tí wọ́n rí i pé aboyún méjì ló wà, èmi nínú ilé, Dúdúyẹmí lẹ́yìnkùlé, ayọ̀ wọn di ìlọ́po méjì. Bí wọ́n bá kí mi tán láàárọ̀, ó di ẹ̀yìnkùlé, wọ́n a lọ béèrè bó ṣe sùn. Ọkọ mi, o mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, ní kí n ṣọ́ra o, pé tí èmi àti ẹlẹ́dẹ̀ bá fi lè rọbí lọ́jọ́ kan náà, kí n tètè lọ tò sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ní n kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo mọ́, Màámi bá gba iṣẹ́ bíbọ́ Dúdúyẹmí àti àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tèmi lọ́wọ́ mi. Gbogbo bó o ṣe kọ́ mi ni mo kọ́ wọn. Àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, lúbúlúbú ni kí á lọ oúnjẹ tiwọn, kí ẹja gbígbẹ àti sóyà pọ̀ nínú rẹ̀, torí ìgbà yẹn ni wọ́n ń mọ ẹran ara. Àwọn tó ń dàgbà, kí àgbàdo máa gorí sí i, kí sóyà máa dín kù díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n á fi tó tà. Dúdúyẹmí tó lóyún, agolo ńlá kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, kí èèpo àlìkámà àti ewéko pọ̀ nínú rẹ̀ kí ikùn rẹ̀ lè kún láìsanra. Ó di ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó bí kí á tó fi kún un. Tó bá wá bímọ tán, tó ń fọ́mọ lọ́mú, ìgbà yẹn ni kí á ṣí ọwọ́, kó máa jẹ bó bá ṣe lè jẹ tó.

Mo sọ iye fún wọn. N kò sọ ìdí. N kò tilẹ̀ rò ó pé ó yẹ kí n sọ ìdí kankan, torí èmi náà, o sọ ọ́ fún mi, mo gbà á bẹ́ẹ̀ ni.

Màámi wo agolo yẹn. Wọ́n wo Dúdúyẹmí. Wọ́n wá yíjú wò mí. Wọ́n ní, "Ẹran ẹlẹ́ran tí wọ́n fi sí ọ lọ́wọ́ ni ò ń wọn oúnjẹ fún báyìí? Aboyún?" Mo ní bí olówó rẹ̀ ṣe wí ni. Wọ́n gba agolo lọ́wọ́ mi, èmi sì rò pé wọ́n ti gbà. Àṣé ahun ni wọ́n kà mí sí! Lójú tiwọn, mò ń febi pa ẹran ọ̀rẹ́ mi kí àpò oúnjẹ tèmi má baà tètè gbẹ, àwọn tí wọ́n bí mi ni ojú á sì tì lọ́jọ́ tí o bá dé tí o bá a ní egungun. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn ń bo àṣírí mi ni. Bí mo bá ti wọlé lọ sinmi lọ́sàn-án, wọ́n a bu nínú oúnjẹ àwọn tó ń dàgbà, èyí tí àgbàdo àti sóyà kún dáadáa, wọ́n a fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ pò ó, wọ́n a gbé e lọ fún un, wọ́n a sì dúró tì í títí yóò fi lá ọpọ́n mọ́.

Mo rí i pé ó ń tóbi o. Mo rò pé oyún ni. Ọkọ mi tilẹ̀ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń wọn ẹnu ọ̀nà, ó ní kí á sọ èyí tí òun máa kọ́kọ́ fẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú àwa méjèèjì. A jọ rẹ́rìn-ín sí i, Màámi ló rẹ́rìn-ín jù.

Ọ̀sán ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ọmọ kìíní jáde, a retí ìkejì títí, kò wá. Dúdúyẹmí ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú rẹ̀ ti ń rẹ̀ wálẹ̀. Ọkọ mi ń pe dókítà ẹran lórí fóònù, dókítà ní òun ń bọ̀, ọ̀nà ló jìn. Màámi ò dúró dè é. Wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, wọ́n da òróró sí i, wọ́n kúnlẹ̀ sórí koríko gbígbẹ, pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro tí wọ́n máa ń tìtorí rẹ̀ kérora láràárọ̀. Wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré: "Rọra, ìyá ọmọ. Rọra. Mo wà níbí." Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fà wọ́n jáde. Èyí tí kò mí, wọ́n a nu imú rẹ̀, wọ́n a fi aṣọ gbígbẹ ra á títí yóò fi ké. Àwọn kan ti kú sínú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí ìyẹn. Nígbà tí dókítà dé, iṣẹ́ ti parí. Ó ní tí kì í bá ṣe Màámi ni, òkú ìyá àtọmọ ni òun ìbá bá. Inú mi dùn, mo ń fi wọ́n yangàn.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí ni, lẹ́tà mìíràn ni n bá máa kọ sí ọ.

Dúdúyẹmí ò dìde jẹun. Ìgbà tó yẹ kó máa jẹ àjẹyó kí omi ọmú lè wá, ó kàn ń gbóòórùn oúnjẹ ni, a sì yí imú padà. Omi ọmú rẹ̀ ò tó nǹkan. Òmíràn nínú àwọn ọmọ rẹ̀, àìrọ́mú mu tó ló pa á. Òmíràn, ìyá wọn ló sùn lé e lórí, torí ara ti wúwo jù, kò lè rọra dùbúlẹ̀. A ń fi wàrà sínú ìgò fún àwọn tó kù, a tan gílóòbù sí wọn lórí kí òtútù má pa wọ́n. A ránṣẹ́ pe dókítà padà.

Ó tẹ ẹ̀yìn Dúdúyẹmí, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá béèrè pé ta ló ń fún un lóúnjẹ.

Màámi rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Èmi ni o, dókítà. Kò febi sùn lọ́jọ́ kan. Èyí tí ọmọ mi ń wọ̀n fún un, mo ń fi kún un dáadáa."

Dókítà yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó ní, "Màmá, ohun tó fà á gan-an nìyẹn. Wọn kì í bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ tó lóyún báyẹn. Ọ̀rá ni kò jẹ́ kí ìbí rẹ̀ rọrùn, ọ̀rá náà ni kò jẹ́ kó lè jẹun nísinsìnyí."

Ẹ̀rín yẹn ò tètè kúrò lójú wọn, bí ẹni pé kò tíì gbọ́ ohun tí dókítà wí. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ṣé èmi ni mo pa wọ́n nìyẹn?"

Ọ̀rẹ́ mi, ẹnikẹ́ni nínú wa ò fèsì. Ọkọ mi tí kì í dákẹ́, ọjọ́ yẹn ló dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó sọ, kí n tó rí i, wọ́n ti kọjá wọlé. Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ yìí, ìdákẹ́ tí mo dákẹ́ yẹn ló ń dùn mí jù.

Láti ìgbà náà, Màámi ò dé ẹ̀yìnkùlé mọ́. Mo ti sọ fún wọn pé èmi ni mo jẹ̀bi, èmi tí mo pàṣẹ láìṣàlàyé. Wọ́n ní rárá, agbẹ̀bí tó bá ṣe irú rẹ̀ sí aboyún, kí ó lọ jókòó sílé rẹ̀ ló tọ́. Màámi tí wọ́n gba ọmọ tí kò níye lọ́wọ́ aláboyún, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n wá fi ń dá ara wọn lẹ́jọ́!

Dúdúyẹmí ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀ báyìí, omi ọmú rẹ̀ ti ń wá. Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le koko. Mo ti ń bu oúnjẹ lúbúlúbú tí mo fi wàrà pò sínú àwo pẹrẹsẹ fún wọn kí wọ́n máa fi kọ́ ẹnu. Èyí tó kéré jù nínú wọn kì í fi ẹnu nìkan jẹ ẹ́, gbogbo ara ló fi ń wọnú àwo.

Àná ni mo rò pé n ó fọgbọ́n mú Màámi. Mo dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Màámi, ẹ bá mi wò ó, ṣé orí ọmọ ti wà nísàlẹ̀?" Wọ́n dìde. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn kí wọ́n lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n nawọ́. Ó kù díẹ̀ kí ó kàn mí lára, wọ́n fà á padà, wọ́n tì í bọ abẹ́ aṣọ. Wọ́n ní, "Lọ jẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì wò ó fún ọ, ọmọ mi. Ìyẹn ló dáa jù."

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, kọ lẹ́tà. Àwọn ni kí o kọ ọ́ sí o, kì í ṣe èmi. Bí o bá ń bínú, tú u lé mi lórí lọ́tọ̀, ó tọ́ sí mi. Má sọ fún wọn pé kò sí nǹkan, wọn ò ní gbà, ojú wọn ló ṣe. Sọ fún wọn pé ìwọ tí o ni Dúdúyẹmí, o ṣì fi í sí wọn lọ́wọ́. Wọn ò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé sí ọ, má jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Tètè kọ ọ́, kí oṣù tó parí.

Ọkọ mi kí gbogbo yín, ó ní òun ń retí kí ọkọ rẹ wá tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe. Fi ẹnu mi kí bàbá lórí ìdọ̀bálẹ̀... ìkúnlẹ̀ ni mo fẹ́ kọ o, ọkàn mi ò sí níbì kan.

Awẹ́lẹ́wà, a ó rí nọ́ọ̀sì tí yóò gbẹ̀bí mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ àdúgbò wa ló bọ́ sí ọwọ́ Màámi. N kò fẹ́ kó jẹ́ pé tèmi nìkan ni wọn ò ní lè fọwọ́ kàn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ń retí èsì,

Aláròyé.