Bí Wùnmí Ṣe Kù Díẹ̀ Kó Lọ Sí Ìlú Àkàrà

Kẹ́mta, Abẹ́òkúta,
Oṣù kọkànlá, 1948.

Herbert ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ìjọba ńkọ́? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí odò Ògùn gbé wa lọ lọ́dún yìí kò ní jẹ́ kí ariwo Èkó gbé ìwọ náà lọ. Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí o, mo ti parí kíláàsì àwọn àgbàlagbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ìlà rẹ̀ bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mu ẹmu, má bínú, ọwọ́ tó mọ igi aró kò tíì mọ gègé.

Ewúrẹ́ wa bí méjì. Bàbá rẹ wà lóko láti ìgbà tí kòkó ti pọ́n, èmi àti Wùnmí àbúrò rẹ nìkan la sì wà nílé nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí dé.

Ọkùnrin kan ló wọlé wá, bàtà funfun lẹ́sẹ̀ rẹ̀, eyín góòlù kan lẹ́nu rẹ̀. Ó ní Olújìmí ni orúkọ òun, ọmọ Owódé. Ó ní òun ń mú àwọn ọmọbìnrin lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní ìlú kan tí ń jẹ́ Àkàrà, a ò ní san kọ́bọ̀, tó bá di ọdún kan wọn á fún Wùnmí ní ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀. Mo bi í pé irú ìlú wo ni wọ́n ń fi oúnjẹ sọ lórúkọ, ó ní Gold Coast ni. Wùnmí ti ń jó nínú ilé.

Ló bá yọ fọ́ọ̀mù. Ó ní ta ló sún mọ́ wa jù, mo ní kó kọ Ìyá Dìran, ògiri tiwọn ló kan tiwa. Ó ní ẹbí ni òun ń wí. Mo ní Ìyá Dìran ju ẹbí lọ, bí mo bá sín níhìn-ín, òun ló ń kí mi pẹ̀lẹ́ lọ́hùn-ún. Kò bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n kọ, ó ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mo rò ó pé ìka kan kéré jù fún ọ̀rọ̀ ọmọ, mo bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ kí ó lè níyì. Ìdí ìkòkò aró ni mo sì ti ń bọ̀. Fọ́ọ̀mù di àdìrẹ. Ojú rẹ̀ le, ó ní òun á lọ wá òmíràn, ó di Ọjọ́bọ̀.

Bó ti lọ, mo gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ láti fi wáyà bi ọ́ bóyá o mọ ìlú náà. Mo bi akọ̀wé pé bí òjò bá ká ọ̀rọ̀ mi mọ́ orí wáyà ńkọ́. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni owó ṣe ń pọ̀. A kì í sì dédé da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìkíni, mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ, mo kí onílé rẹ, nígbà tó máa fi kan Wùnmí, owó ọwọ́ mi ti tán. Ìdí nìyẹn tí wáyà tí o gbà fi jẹ́ kìkì ìkíni. O sì dáhùn pé àlàáfíà ni, ẹ ṣé o. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò tán ìṣòro mi.

Mo wá rò ó pé bí wọ́n bá fẹ́ fi ọmọ ẹni ṣaya, ṣebí a ó kọ́kọ́ wádìí ilé wọn, kí ló dé tí ti télọ̀ kò ní rí bẹ́ẹ̀? Mo di iṣu mẹ́rin àti orógbó, mo wọ lọ́rì lọ sí Owódé lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo ní mo wá kí ìyá Olújìmí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Mo ń ṣàpèjúwe eyín góòlù àti bàtà funfun, ni obìnrin kan tó ń yan gàrí, Sìlífátù lorúkọ rẹ̀, bá ju igbá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní Mọ́ṣúdù ni ẹni yẹn pe ara rẹ̀ fún àwọn, òun ló mú Bùsírátù ọmọ òun lọ kọ́ télọ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Kò rí lẹ́tà kan, àfi awakọ̀ kan tó ti ọ̀hún dé tó ní òun rí ọmọ náà. Awakọ̀ náà ní ilé ọtí ni wọ́n fi í sí, kò tíì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rí, omi ni ó ń pọn, abọ́ ni ó ń fọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, wọn kì í jẹ́ kó dá jáde, wọn kò sì fún un ní kọ́bọ̀, wọ́n ní kò tíì san owó ọkọ̀ tó gbé e lọ tán.

Herbert, ìyá mi àgbà máa ń sọ fún mi nípa ayé tí wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n so ènìyàn lọ́rùn lọ tà. Mo rò pé ayé yẹn ti lọ. Mi ò mọ̀ pé bàtà funfun ló lọ wọ̀ wá.

Sìlífátù bá mi padà wálé, a sì sọ fún Ìyá Dìran pé bó bá ti rí ọkùnrin yẹn kó wọlé, kó sáré lọ pe ọlọ́pàá. Nígbà tí ọkùnrin yẹn dé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, mo fún un lómi, mo ní kó jókòó kí n fọ àtàǹpàkò mi kí n má tún ba ìwé rẹ̀ jẹ́. Mo ń fọ̀ ọ́, mo ń fi kànrìnkàn ha á, mo ń fọ̀ ọ́, títí Ìyá Dìran fi mú ọlọ́pàá dé. Sìlífátù jáde láti inú yàrá, ó ní Mọ́ṣúdù, ọmọ mi dà? Omi ọwọ́ ọkùnrin náà dà sí bàtà funfun rẹ̀. Ó ní òun kò mọ obìnrin náà rí, ṣùgbọ́n wọ́n bá ìwé mẹ́sàn-án nínú àpò rẹ̀, àtàǹpàkò Sìlífátù wà lára ọ̀kan, orúkọ ilé ọtí náà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ti wà ní àtìmọ́lé báyìí.

Ọjọ́ méjì ni Wùnmí fi ń bá mi bínú, ó ní mo ba iṣẹ́ òun jẹ́. Sìlífátù kò bá a wí. Ó kàn pè é pé kó wá jókòó kí òun di irun fún un, ó ń dì í, ó ń sọ bí irun Bùsírátù ṣe máa ń gùn tó. Nígbà tó fi máa dì í tán, Wùnmí ti ń sunkún.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ní ìjọba Gold Coast ti dá àwọn lóhùn, wọ́n ti kó àwọn ọmọ tí orúkọ wọn wà nínú àwọn ìwé náà jáde, ọkọ̀ ojú omi yóò gbé wọn dé Èkó kí oṣù yìí tó parí. Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ tí Sìlífátù yóò fi wá sí Èkó ránṣẹ́, kí o sì fi díẹ̀ kún un kí n fi Wùnmí sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ Adépéjú ní òdìkejì ọ̀nà, níbi tí mo ti lè máa wò ó láti ojú fèrèsé. Bí ọkọ̀ náà bá sì ṣáájú ìyá ọmọ dé, ìwọ ni kí o lọ pàdé wọn létí omi. Sìlífátù ní kí o má béèrè Bùsírátù, wọ́n lè ti yí orúkọ rẹ̀ padà, ẹ̀rù àjèjì sì lè máa bà á. Ó ní kí o kàn dúró níbẹ̀ kí o ké Àwẹ̀ró, oríkì rẹ̀ nìyẹn, òun nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá yíjú wá, òun ni.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ohùn rẹ là ketekete lọ́jọ́ náà.

Èmi ìyá rẹ,
Tẹjúmádé.