Agogo Omi

Olómi, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ilé ńkọ́? Egungun itan rẹ ọ̀tún ńkọ́? Mo mọ̀ pé ènìyàn kì í kí egungun nínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí kàn án, mi ò sì fẹ́ kó dà bí ẹni pé mo yọ ọ́ sílẹ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ̀ ọ́ láàárín ọ̀nà. Ibi tí o bá jókòó sí kò ní le mọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ yóò máa rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ní dúró níbi kankan kí ẹnikẹ́ni. Àmín.

Èmi àti ìyá rẹ wà dáadáa. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òrùlé ilé ìdáná ń jò. Ó ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀ nígbà mẹ́ta, ṣùgbọ́n ibi tó ti sọ ọ́ gan-an ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Nígbà tí o fi fóònù rẹ àtijọ́ rán dírẹ́bà tó ń ná ọ̀nà ìlú wa sí mi, o kọ ọ́ sínú ìwé pé o ti ra tuntun, kí n máa lo èyí. Mo dúpẹ́. Mo gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò kí àwọn méjèèjì lè mọ ara wọn. Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣì ń fọ ẹnu lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn rẹ nínú yàrá, ketekete, tí o ní kí Olómi dìde kó lọ mu omi. Mo kọ́kọ́ bínú díẹ̀. Olómi ni orúkọ tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ sọ ọ́ nítorí ike omi tí o máa ń gbé kọ́rùn, kì í ṣe orúkọ mi, o ò sì fi ẹyọ "ẹ" kan bọ̀wọ̀ fún mi. Ìyá rẹ ní kí n fojú fò ó, pé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nígboro nìyẹn, pé ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn tó rántí pé òùngbẹ lè máa gbẹ baba òun, ọkàn rẹ̀ ni kí n wò. Mo bá dìde, mo mu omi.

Aago mẹ́jọ, o tún pè. Aago mẹ́sàn-án, o tún pè. Títí di aago méje ìrọ̀lẹ́, kò sí wákàtí tí o fò. Mo máa ń dúró síwájú fóònù náà kí n tó mu ún, kí o lè rí mi, bí mo bá sì mu ún tán màá da ojú ife dé kí o lè mọ̀ pé mi ò tàn ọ́. Màá dá ọ lóhùn, màá kí ọ, màá béèrè iṣẹ́, o ò ní fèsì, mo sì gbà pé iṣẹ́ ló pọ̀. Ìyá rẹ máa ń sáré wá láti ilé ìdáná kó lè ráyè bá ọ sọ̀rọ̀ kí o tó lọ. Níbẹ̀ ló ti sọ ti òrùlé. Níbẹ̀ ló ti ní kí o ra bàtà pẹlẹbẹ fún òun. Nígbà tí dírẹ́bà tún máa dé, agbòòrùn ló gbé wá látọ̀dọ̀ rẹ. Ìyá rẹ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló da ọ̀rọ̀ náà rú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ fóònù, ó sì tún béèrè bàtà, ó rọra là á lẹ́sẹẹsẹ.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, orí mi wú. Káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ilé wa, tí ọmọ rẹ̀ kì í pè ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, mo sọ fún un pé ìgbà mẹ́tàlá lójúmọ́ lọmọ tèmi ń pè. Ó dojú kọ pákó rẹ̀, ó ń fá a títí tó fi tín-ín-rín. Ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa náà ti dán nítorí ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n orí fífọ́ tó máa ń dà mí láàmú lọ́sàn-án ti lọ, àwọ̀ ara ìyá rẹ náà sì ti ń dán, torí òun náà ti ń mu ún.

Lọ́jọ́ tí mo lọ sí báńkì láti lọ fi hàn wọ́n pé mi ò tíì kú, torí wọ́n ní àwọn kì í san owó ìfẹ̀yìntì fún òkú, ìlà gùn dé ẹnu ọ̀nà. Aago mọ́kànlá lù, o sọ̀rọ̀ láti inú àpò mi, gbogbo wọn yíjú. Mo fa ike omi mi yọ, mo mu ún. Ìyá kan tó wà lẹ́yìn mi béèrè ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀, mo ní ọmọ mi ni. Ó ní òun náà kò tíì mu omi látàárọ̀, ó fa tirẹ̀ yọ. Nígbà tí o fi máa pè ní aago méjìlá, ènìyàn mẹ́fà ló mu omi nínú ìlà, pẹ̀lú olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn gíláàsì nìkan ni kò mu, òun náà ló sì jágbe mọ́ wa. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan tó ń béèrè ẹ̀rí pé mo wà láàyè. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ mi ń pè mí nígbà mẹ́tàlá lójúmọ́, pé ẹni tí kò sí láàyè kò lè máa dáhùn. Ó ní ìka mi ni àwọn fẹ́ kí n tẹ̀.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé ara mi ò gbà á mọ́ pé ohùn rẹ ń wọlé, tèmi ò sì ń jáde. Mo gbé fóònù náà lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, mo ní kó bá mi tún etí rẹ̀ ṣe. Ó tẹ̀ ẹ́ síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó wá bi mí pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé ta ló sọ fún mi pé ẹnì kan ń pè mí. Ó ní ẹni tó ni fóònù yìí tẹ́lẹ̀ ló gba ohùn ara rẹ̀ sínú rẹ̀, kó lè máa rán ara rẹ̀ létí. Mo jiyàn. Ó bá jẹ́ kó sọ̀rọ̀ nígbà mẹ́ta léraléra níwájú mi. Ohùn kan náà ni, èémí kan náà, àti ikọ́ kékeré tó wà níparí rẹ̀. Ikọ́ yẹn, Olómi, mo ti gbàdúrà lé e lórí láti ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Mo rò pé kò fẹ́ lọ ni. Àṣé ikọ́ kan ṣoṣo tí o wú lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni.

Ojú tì mí. Mo ronú kan káfíńtà. Mo ṣírò rẹ̀ pé o ti pè mí nígbà ẹgbẹ̀rún ó lé kan, o ò sì pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dùn mí, mi ò ní fi pa mọ́. Mo ń rìn bọ̀ wálé, mi ò tíì dé ibi ẹ̀rọ omi, ni ọ̀rọ̀ mìíràn ta sí mi lọ́kàn, mo sì dúró gbọnrangandan. Bí ohùn tó ń rán Olómi létí bá wà nínú àpò mi, ta ló ń rán Olómi létí?

Mo dé ilé, mo bá dírẹ́bà tó ń já ẹrù. Ìyá rẹ bu omi fún un, kò mu ún, ó kàn ń wo inú ife náà. Ìyá rẹ bi í pé kí ló dé. Ó ní o bẹ òun kí òun má sọ. Má bínú sí i, ìyá rẹ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà tí kò jẹ́ kó jáde. Ó ní ìrìn àjò iṣẹ́ tí o kọ ọ́ sí wa pé o lọ lóṣù tó kọjá, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lo lọ, ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Ó ní egungun itan ọ̀tún ló dá ọ dúró níbi tí o ti ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, tí wọ́n fi gbé ọ, tí dókítà sì sọ pé omi ti tán lára rẹ. Ó ní o kì í mu omi níbi iṣẹ́ mọ́, torí ọ̀gá tó ń darí yín fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ́rùn, bí o bá sì béèrè rẹ̀, á bi ọ́ níṣojú oníbàárà pé ìgbà mélòó lònìí. Orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn rẹ, fòníkú-fọ̀ladìde, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí, torí ìwọ ò kú lónìí rí, dídìde nìkan ni mo mọ̀ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. Èmi tí n kò ní àìsàn kankan ń mu omi rẹ, ìwọ sì ń gbẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi ìyá rẹ. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi lu agogo nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí o wà ní kíláàsì kẹta, tíṣà yín kò gbà kí ẹnikẹ́ni mu omi nínú kíláàsì tàbí kó jáde. Orúnkún rẹ wú lọ́sẹ̀ yẹn, o sunkún títí ohùn rẹ fi há. Mo lọ bá tíṣà náà, mo bẹ̀ ẹ́, ó ní bí òun bá gba ẹnì kan láyè, gbogbo wọn ló máa fẹ́ jáde. Mo ro ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo ń lu agogo ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, mo sì ń lù ú ní aago méjìlá ààbọ̀, méjèèjì ò sí nínú táìmùtébù. Igba ọmọ á tú jáde lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ìwọ á wà láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tí agogo náà ń pè. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gbé aago ara ògiri lọ fún oníṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ra tuntun. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ̀wé ìkìlọ̀ fún mi pé ojú mi ti ń ṣú, kí n lọ ra gíláàsì. Mo fọwọ́ sí i, mo rà á. Gíláàsì tí o mọ̀ mọ́ mi lójú yìí, ojú mi ò nílò rẹ̀ rí.

Nítorí náà, bí a ó ṣe ṣe é nìyí. Ohùn rẹ á máa wà lọ́dọ̀ mi níbí, mo ti sọ fún oníṣẹ́ fóònù pé kó má pa á rẹ́. Bí ó bá ti ní kí Olómi dìde kó lọ mu omi, màá dìde, màá mu ún, lẹ́yìn náà màá fi fìláṣì kan ránṣẹ́ sí fóònù rẹ tuntun, ẹ̀ẹ̀kan péré, á gbọ̀n nínú àpò rẹ. Má gbé e. Omi ni kí o gbé. Mo ti kọ wákàtí mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá sára ògiri, ìyá rẹ ló máa dípò mi bí mo bá wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀.

Lẹ́tà kejì tó wà nínú àpòòwé yìí, ọ̀gá rẹ tó ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn ni kí o fún. Mo pè é ní ẹlẹgbẹ́ mi, torí èmi náà ti di agogo mú rí, ohun tí gbogbo ènìyàn ń dúró dè, mo mọ bó ṣe máa ń gun ènìyàn. Mo fi ẹ̀dà ìwé dókítà tó wà nínú àpótí kún un. Mo ní kó jẹ́ kí o máa jáde láì ka iye ìgbà, pé bí kò bá lè gba ẹnì kan láyè, kó gba gbogbo wọn láyè, kò burú. Bí ó bá kọ̀, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tó gba iṣẹ́ mi ti gbà láti yá mi ní agogo náà fún ọ̀sẹ̀ kan.

Bí ó bá gbà, owó káàdì díẹ̀ náà ti tó mi, torí wọ́n ní fóònù tí kò lówó nínú kì í lè fìláṣì ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ ní kí o fi owó òrùlé kún un, àti bàtà. Ó ní agbòòrùn náà wúlò, abẹ́ ibi tó ń jò nínú ilé ìdáná ló ti ń lò ó.

Ọlọ́run á fún ọ ní ara tó tutù àti ọ̀gá tó gbọ́rọ̀. O ò ní tún lọ sí ìrìn àjò orí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Bí o bá sì tún lọ, wàá pè wá kí a lè bá ọ lọ, torí àwa méjèèjì kò níṣẹ́ mìíràn ju ìwọ lọ.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kí lẹ́tà yìí parí. Gbé e sílẹ̀ ná. Lọ mu omi, ife kan tó kún, kí o tó padà wá kà á.

O ṣeun.

Bàbá rẹ