Ibi Tí Ìtàn Bá Dákẹ́ Sí

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
Ọjọ́ kọkànlélógún nílé ọkọ. Bàtà wa méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọlọ́wọ́ Gúlúù — ọkọ mi nìyẹn, ìwé ló ń dì nílé ìtẹ̀wé — gbé ìwé ìtàn kan wálé. Òun fúnra rẹ̀ ló lẹ èèpo rẹ̀ sódì, orí èèpo wà nísàlẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa gbé e lọ, ta ni yóò rà á. Ìtàn abàmì ni, kéékèèké. A ka èkíní kílẹ̀ tó ṣú. Ọkùnrin kan rí ilẹ̀kùn tí kò sí nínú ilé rẹ̀ lánàá. Ó wọlé. Ilẹ̀kùn padé. Ó parí síbẹ̀. Mo ṣí ewé kejì, ìtàn mìíràn ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
A ti ṣòfin: bí ìtàn bá dákẹ́ láìsọ ibi tó já sí, kí oníkálukú kọ òpin tirẹ̀ sórí bébà, ká pààrọ̀. Tèmi: ó jáde padà, ó ní òun gbàgbé fìlà. Tirẹ̀: kò padà mọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 6
Mo ń kàwé níta. Màmá Onílé wo èèpo, wọ́n wò mí. Wọ́n ní ìyàwó tuntun, adùn ọkọ ti fọ́ ọ lójú, o dojú ìwé dé. Mo ní ẹ ṣeun mà, ó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Ìtàn mẹ́rin. Nínú tèmi, gbogbo wọn padà wálé. Nínú tirẹ̀ — kò sẹ́nì kankan tó padà. Obìnrin tó wọ inú jígí: kò jáde, ọkọ rẹ̀ ta jígí náà.

Mo bi í pé kí ló dé tí òpin tirẹ̀ fi máa ń le báyìí. Ó ń họ gúlúù kúrò ní ìka, kò wojú mi. Ó ní òun wà lọ́mọ ọdún méje nígbà tí ìyá òun jáde lọ ra òwú. Títí dòní. Baba òun ò sọ pé ó kú, kò sọ pé ó lọ. Ó ní ẹni tó bá sọ pé wọ́n ń bọ̀ ni ìdúró ń jẹ níyà. Ó kúkú sàn kóun ti ilẹ̀kùn.

Mo kàn bá a họ gúlúù tó kù. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi bí ti ẹyẹ ẹ̀gà.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Inú mi ṣì ń dùn. Àmọ́ — ṣé ó ti kọ òpin tèmi náà síbì kan nínú ara rẹ̀?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Aṣọ ilé ìwòsàn kún ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ní ká lọ̀ ọ́ tán kẹ́nikẹ́ni tó lọ. Aago mẹ́rin ni mo máa ń délé; aago mẹ́fà ti lù. Fóònù mi ti kú. Mo sáré wálé.

Ó wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Òun nìkan ti ka ìtàn tó gbẹ̀yìn: obìnrin kan ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, àtẹ̀gùn ò tán. Kò bèèrè ibi tí mo wà. Ó na bébà sí mi. Ẹ̀rù bà mí láti ṣí i. Mo ṣí i, mo kà á:

"Kò tíì dé. Mo ti gbé omi ìwẹ̀ kaná dè é."

Mo jókòó tì í. Mi ò kọ tèmi. Omi ń hó nínú ilé.