Méjìdínlógún Tí Kì Í Ṣe Tiwa

Ajé, 3 oṣù kẹta
Ọ̀gá ní ìparí oṣù yìí làwọn máa fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ojú wọn ò gbé wíwé kọ́ìlì, wáyà inú ẹ̀rọ, mọ́. Kọ́kọ́rọ́ á bọ́ sọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwa méjì. Èmi rèé — ọdún mọ́kànlá nídìí wáyà. Tàbí Milimítà, orúkọ tí mo sọ ọmọbìnrin tó dé ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn pẹ̀lú irin kékeré tó fi ń wọn wáyà, tó ń gbé kiri bí ìyá tó gbé ọmọ tuntun.

Ìṣẹ́gun, 4
Ọ̀gá yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lónìí. Mo kà á.

Ẹtì, 7
Milimítà lẹ pépà kan tó pín sí méjì mọ́ ògiri: nọ́ńbà wáyà lápá kan, milimítà lápá kejì. Ó ní nọ́ńbà kì í ṣe ìwọ̀n rárá. Iye ìgbà tí wọ́n fa wáyà gba ojú ihò ni wọ́n fi ń kà á láyé àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi ń ga tí wáyà ń tín-ín-rín. Ọ̀gá ń mi orí ṣáá. Ọdún mọ́kànlá, mi ò mọ ìyẹn! Mo jowú débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ajé, 10
Róòlù wáyà tuntun dé, nọ́ńbà 18. Milimítà ti lẹ pépà mọ́ ọn: «Ẹ̀gbọ́n, 18 yìí kì í ṣe 18 wa o. Tiwa 1.22, èyí 1.02. Ètò nọ́ńbà ilẹ̀ mìíràn ni.»
Ẹ gbọ́ ìjọ̀ngbọ̀n! Méjìdínlógún ni méjìdínlógún. Mo já pépà náà, mo fi há inú ìwé yìí. Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá bá tún yìn ín, màá yọ ọ́ jáde, kí wọ́n rí àṣìṣe ọ̀mọ̀wé wọn.
Ìyàwó mi ní orúkọ ọmọbìnrin yẹn ti wá pọ̀ lẹ́nu mi ju tòun lọ.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo fi wáyà tuntun wé pọ́ńpù omi ilé ìgbẹ̀bí. Iye ìyípo wáyà rẹ̀ pé. Milimítà lọ síṣẹ́ ìta. Mo parí kó tó dé. Pọ́ńpù ń ṣiṣẹ́ geere.

Àbámẹ́ta, 15
Pọ́ńpù náà jóná. Kọ́ìlì dúdú bí èédú. Àwọn nọ́ọ̀sì ń gbé garawa omi gun àtẹ̀gùn, àwọn aboyún ń wò wá.
Ọ̀gá fi irin Milimítà wọn wáyà náà fúnra wọn. 1.02. Ó tín-ín-rín jù láti gbé iná pọ́ńpù náà. Wọ́n béèrè ta ló mọ̀ nínú àwa méjèèjì pé 18 yìí kì í ṣe tiwa.
Gọ́ọ̀mù pépà yẹn ṣì wà lára róòlù. Milimítà wò ó. Ó wò mí. Mo retí kó tú àṣírí mi.
Ó ní, «Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo mọ̀. Mo gbàgbé láti kọ ọ́ sí i lára.»
Ọ̀gá ní ẹni tó bá mọ̀ tí kò sọ, òun ò lè fún un ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n nà án sí mi. Mo gbà á. Mo fi í sápò.

Àìkú, 16
Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì, pépà wà nínú ìwé yìí. Mo tún un kà. «Ẹ̀gbọ́n» ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.
Mo ṣì ń jowú rẹ̀. Ó wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.