Ẹ Bá Mi Tú Ọwọ́ Òsì Tinúadé Sílẹ̀

Èmi akọ̀wé lẹ́tà ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, ni mo kọ èyí. Sámúẹ́lì, ọmọ àgbẹ̀ kan ní Ìlógbò-Èkìtì, ló ń sọ ọ́ tí mo ń kọ, nítorí kò kàwé. Ó ní kí wọ́n kà á sókè lójúde bàbá òun, kí gbogbo ẹbí gbọ́, torí ọ̀rọ̀ ọmọ òun ni.

Bàbá mi, ẹ kú ulé o. Ẹ kú oko, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí mo wà. Ìyá mi, mo kí yín. Iyán yín ń wù mí. Iṣu tí ẹ fi rán Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi dé ọwọ́ mi, ẹyọ kan kò bàjẹ́. Òjò ti dáwọ́ dúró níbí, ọyẹ́ ti ń fẹ́. Ohun tó ń ṣe mí ni pé n kì í rí ẹni bá sọ èdè wa. Bí mo bá sọ pé mò ń lọ sí ulé, wọn a máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Àbẹ̀kẹ́ ló sọ fún mi pé ẹ ti ń fi aṣọ di ọwọ́ òsì Tinúadé ọmọkùnrin mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó lè máa lo ọ̀tún. Ó ní òun bẹ̀ yín, ẹ ní kí òun panu mọ́, pé bí ẹ ṣe ṣe èmi náà nìyẹn, mo sì dèèyàn. Òótọ́ ni, Bàbá. Ẹ ṣe é kí àwọn àna má baà yọ ṣùtì sí mi. N kò bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ kò tíì gbọ́.

Níbi tí a ti ń kan àga àti àpótí, ayùn kan wà tó ń fi iná mànàmáná yí. Àárín tábìlì irin ló ti yọ eyín jáde. Igi la máa ń tì lọ bá a. Irin gbọọrọ kan dúró lápá ọ̀tún rẹ̀ tí igi ń fara tì, ọwọ́ ọ̀tún la sì fi ń taari. Ìyẹn kò le. Èyí tó le ni etí àpótí tí a fẹ́ gé ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí pákó méjì lè pàdé láìsí àlàfo. A óò mú ayùn tẹ̀ sí ọ̀tún, yóò wá dà bo pákó tó wà láàárín òun àti irin. Pákó yóò há sábẹ́ rẹ̀, yóò rú èéfín, ayùn á sì jù ú padà. Ó ju ọ̀kan lu Láṣisi, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, níkùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò lè nà ró.

Ọ̀gá ní kí a gbé irin náà lọ sápá òsì, kí pákó má há mọ́. Ó tọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni yóò wá máa taari. Gbogbo wọn gbìyànjú, pákó ń yà kiri. Èmi ti ń fi ọwọ́ òsì tèmi pamọ́ láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, torí Láṣisi bi mí rí pé ará Èkìtì, ṣé ọwọ́ yẹn náà lẹ fi ń jẹ iyán nílé yín. Lọ́jọ́ náà mo mú igi kékeré tí a fi ń taari pákó sí òsì, mo yẹ̀ kúrò níwájú ibi tí ayùn lè jù sí, mo tì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi kọjá. Etí pákó náà ń dán. Ọ̀gá ní ta ló kọ́ mi. Láṣisi ní kí n jọ̀ọ́ kí n yá òun lọ́wọ́ yẹn di Sátidé. Látìgbà náà, èmi nìkan ni wọ́n ń pè sí irú pákó bẹ́ẹ̀. Ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé, ẹ má bẹ̀rù.

Ẹ̀yin náà, Bàbá, tí ẹ bá ń kọ ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ẹ máa ń pa ọwọ́ dà lára ọkọ́. Mo máa ń wò yín.

Mo mọ̀ pé ẹ lágídí. Èmi náà lágídí, ẹ̀yin ni mo fi jọ. Kí Tinúadé máa fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kó fi máa jẹun, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n yóò wọ ilé ìwé lọ́dún tuntun. Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn kọ̀wé, kó má dà bí èmi tí ń wá ẹni tí yóò bá mi kọ ọ́. Ẹ tú aṣọ yẹn. Tí ẹ kò bá tú u, mà á wá mú un ní Kérésì yìí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ló wù mí kó wà, torí Àbẹ̀kẹ́ ní ọmọ náà nìkan ló ń mú yín rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́run yóò fún yín ní ẹ̀mí gígùn pẹ̀lú àlàáfíà. Ara yín á máa le títí ẹ ó fi rí ìyàwó Tinúadé. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà, kí ẹ sì gbé Tinúadé jókòó lẹ́sẹ̀ yín fún mi.

Ọmọ yín,
Sámúẹ́lì

Èmi akọ̀wé gbé yíǹkì sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ní rárá. Àmì àtàǹpàkò òsì rẹ̀ nìyí.

Ẹlẹ́rìí: Láṣisi, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àti Ìyá Ràfíù, onílé rẹ̀.