Ohùn Gìtá Mi Tí O Tì Pa Sínú Àpótí

Wáyà ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ìyá rẹ tí ẹsẹ̀ ń dùn. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà, kí ara ìyá sì ti mókun. Ní tiwa níhìn-ín, ara le, oúnjẹ ń lọ lẹ́nu. Ìyàwó mi náà kí ọ, kíkí tirẹ̀ dùn, tèmi nìkan ló korò.

Awakọ̀ ẹgbẹ́ olórin yín jíṣẹ́ rẹ fún mi lánàá. Ó ní òjò wọ ọkọ̀, ó sì wọ inú Afarawé, àpótí kọ̀ǹpútà yẹn tí ẹ fi rọ́pò ẹ̀rọ mi kí ẹ tó ní kí n lọ jókòó sílé. Ó ní gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti parẹ́, pé ẹ ti ra òmíràn, àmọ́ òfìfo ni. Ó ní o ní kí n fi ẹ̀rọ onítúùbù mi, èyí tó ń gbé ohùn gìtá sókè, rán òun, kí èmi náà sì wá fún ọ̀sán kan ṣoṣo, ká tún ohùn náà gbà bíi ti ìgbà yẹn. Ọ̀sán kan ṣoṣo! Wáyà, ojú rẹ mà le o. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí mo mọ ẹnu ara mi. Tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, èébú ni màá fi dáhùn, àwa méjèèjì sì ti dàgbà ju ìyẹn lọ. Màá dá ọ lóhùn lórí ẹ̀rọ tí o béèrè, ṣùgbọ́n wàá kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi.

O mọ ohun tí ẹ̀rọ yẹn jẹ́ fún mi. Irin dúdú pẹlẹbẹ, tí a fi bóòtù dè mọ́ inú ráàkì onígi, tó wúwo débi pé ìwọ lo máa ń di apá kan mú, èmi apá kejì, tí a ó máa bú ara wa lórí àtẹ̀gùn. Àwọn túùbù onígíláàsì inú rẹ̀ kì í dáni lóhùn títí wọn yóò fi gbóná. Bí wọ́n bá gbóná tán, tí mo bá rọra fọwọ́ kan okùn gìtá, á sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ le, á ké bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀. Ìwọ tí o ń bójú tó ẹ̀rọ ẹgbẹ́ wa lo sọ mí ní Gbóná-kí-n-tó-ta, tí gbogbo ẹgbẹ́ fi wá ń pè mí bẹ́ẹ̀, nítorí mi ò jẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin kí iná inú rẹ̀ tó pọ́n. Ohùn yẹn làwọn èèyàn fi ń dá wa mọ̀ kí olórin tó lanu rárá. Ohùn yẹn ni iṣẹ́ mi, mi ò ní òmíràn.

Ṣé o rántí ohun tí o sọ lọ́jọ́ tí o gbé Afarawé wá sílé mi? O ní, "Gbóná, túùbù ti di ọ̀wọ́n gógó, àwọn tó ń ṣe é ti ń kógbá sílé. Jẹ́ ká gba ohùn yìí pamọ́ kó má bàa bá ẹ̀rọ yẹn lọ." Omi bọ́ lójú mi. Mo rò pé ọ̀rẹ́ tòótọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Mo fi òwú nu gbogbo ẹnu wáyà, mo tan ẹ̀rọ, a jókòó, a dúró dè é. O so àpótí rẹ mọ́ ọn, àpótí náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán ariwo sí i: á hó ṣááá, á súfèé, á gbin bí ẹni tí inú ń run, á wá dákẹ́, á máa tẹ́tí sí bí tèmi ṣe dá a lóhùn. Ìyàwó mi sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó rò pé ilé ń jó. A rẹ́rìn-ín títí. Mo yí bọ́tìnnì sí ohùn dídùn, o gbà á. Mo yí i sí ohùn ẹkún, o gbà á. Mo tún yí i sí èyí tí a fi ń lé èèyàn dìde jó, tí mi ò jẹ́ kí onígìtá kankan láyé yìí rí bí mo ṣe ń yí i, ìyẹn náà, o gbà á.

Lẹ́yìn náà o ní kí n kọjú sí ògiri. O mú gìtá mi, o ta á gba inú ẹ̀rọ kan, o ta á gba inú ìkejì, o ní kí n sọ èyí tó jẹ́ tèmi. Mo fọwọ́ sọ̀yà, mo ní, "Ìkejì ni! Ta lo fẹ́ tàn jẹ?" O fò sókè, o ń pàtẹ́wọ́: Afarawé ni ìkejì. Ojú tì mí, àmọ́ mo bá ọ rẹ́rìn-ín, mo ní ayé ti lajú o. Mi ò mọ̀ pé kòtò lo ń gbẹ́ dè mí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Ọ̀gá, olórí ẹgbẹ́ wa, ní kí n máa fi ráàkì mi sílẹ̀ nílé, pé ọkọ̀ kò gbà á mọ́. Mo gbọ́ràn. Mo ń so gìtá mọ́ Afarawé, mo ń ta á, ó sì ń dùn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó yá, àna Ọ̀gá, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ṣe télọ̀ títí tó sú u, tó ta bàtà títí tó sú u, bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó tì mí níbi ìdánrawò. Èmi fúnra mi ni mo fi ibi tí ìka ń gbà hàn án. Ọjọ́ tí Ọ̀gá pe ìpàdé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ṣe bẹbẹ. Ohùn yín wà nílẹ̀ pẹ̀lú wa, ẹ lọ sinmi." Mo ní ohùn tó wà nínú àpótí kì í ṣe èmi. Ó bá yíjú sí ọ, ìwọ Wáyà. O ò gbójú sókè. O ń ká okùn máíkì mọ́ ọwọ́, o ní, "Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀. Mo dán an wò nílé rẹ̀." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ọ̀gá kì bá tí mọ ohun tó fẹ́ fi lé mi lọ, ìwọ lo fi lé e lọ́wọ́.

Mi ò lè sọ fún ìyàwó mi. Tí ọjọ́ ìdánrawò bá pé, màá gbé gìtá kọ́ apá bíi ti tẹ́lẹ̀, màá lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń gé èékánná, ìyàwó mi ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, rédíò ń kọrin tì í. Mo ṣàdédé gbọ́ igbe rẹ̀: "Baba wọn! Ẹ gba orin tuntun sílẹ̀, ẹ ò sì sọ fún mi? Ẹ gbọ́ bí ẹ ṣe ta á! Ẹ ò ta gìtá báyìí rí!" Ó ń jó, ọṣẹ ń hó lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kọ́, Wáyà. Àna Ọ̀gá ni. Obìnrin tó ti ń gbọ́ gìtá mi láti ìgbà èwe wa gbọ́ ọkọ rẹ̀ nínú rédíò, ọkọ rẹ̀ sì ń gé èékánná nínú yàrá. Mo jáde lọ bá a, mo jẹ́wọ́ pé wọ́n ti lé mi. Ó na ọwọ́ olómi, ó pa rédíò náà.

Obìnrin yẹn ṣe mí lóore ju gbogbo yín lọ. Ó gbá yàrá iwájú, ó ní kí n gbé ẹ̀rọ mi síbẹ̀, kí n máa ta gìtá fún òun. Á gbé àga wá, á kó ẹ̀wà sínú àwo, á máa ṣà á, á sì dúró títí túùbù yóò fi gbóná. Òun nìkan ni olùgbọ́ tó kù fún mi, ó sì tó mi.

Mi ò bínú sí Afarawé. Ó fúyẹ́, kì í jóni lọ́wọ́, kì í kùn hùn-ùn lẹ́yìn orin bíi tèmi. Ẹ̀rọ kì í dalẹ̀, èèyàn ní í dalẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí awakọ̀ yín sọ tó mú kí n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé inú. Mo bi í pé ṣé ìwọ tí o máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé kò ní ẹ̀dà kejì níbì kankan ni? Ó ní rárá, pé inú àpótí kan ṣoṣo yẹn lo tì í pa sí, kí ẹgbẹ́ mìíràn má bàa rí i dà kọ. Háà! Ìwọ tí o da tèmi kọ, ìwọ náà lo ń bẹ̀rù adàkọ! Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Wáyà, rù ú.

Wàyí o, ẹ̀rọ tí o béèrè. Mi ò ní ohun tí màá fi rán awakọ̀ yín. Kì í ṣe pé mo fi ń ṣìkà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń ta gìtá fún ìyàwó mi, iná ìlú ṣàdédé lágbára, túùbù kan dún tàì, àwọn tó kù ṣókùnkùn, èéfín sì rú jáde láti ìdí irin tó ń pín iná fún wọn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnrédíòṣe. Ó tú u palẹ̀, ó mi orí, ó ní irú rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́, pé tí òun bá fi àwọn tòní sí i, á tàn o, ṣùgbọ́n ohùn tí mo mọ̀ yẹn, kí n gbàgbé rẹ̀.

Ìyàwó mi ló ní kí n wá bẹ̀ ọ́. Ó ní, "Ohùn yín ṣì wà lọ́wọ́ Wáyà. Ẹ lọ bá a." Mo fi ìbínú kọ̀, mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì kí n tó tọrọ ohun tó jẹ́ tèmi. Ṣùgbọ́n ó tún gbé àga rẹ̀ wá sí yàrá iwájú, ó ń ṣa ẹ̀wà, kò sí ohun tó ń dún nínú ilé àfi ẹ̀wà tó ń bọ́ sínú àwo. Agbára mi pin. Láàárọ̀ àná, nígbà tó ti jáde lọ, mo wọ aṣọ, mo wọ bàtà, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọ, èmi àti ìwọ tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, kí n ní kí o jọ̀ọ́, kí o bù fún mi nínú ohùn mi. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, mò ń ti ilẹ̀kùn, nígbà tí awakọ̀ yín dé láti wá tọrọ ohùn kan náà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ iṣẹ́ tó wá jẹ́ tán, mo padà wọlé, mo bọ́ bàtà. Nígbà tí ìyàwó mi dé, ó béèrè bóyá mo ti lọ bá ọ. Mo ní mo ti lọ, pé o gbà, pé o ní kí n ní sùúrù díẹ̀.

Mi ò níí gé ọ légùn-ún. Kí Ọlọ́run fi ọwọ́ wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ lójú ayé rẹ. Kí àwọn ọmọ rẹ ní ọ̀rẹ́ tó sàn jù ọ́ lọ, kí àwọn náà sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rere fún ọmọ ẹlòmíràn. Àmín.

Èmi tí mo jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ títí di ọjọ́ ìpàdé,
Gbóná-kí-n-tó-ta.

Àfikún: Jọ̀wọ́, má fèsì ìwé yìí. Ìyàwó mi ló máa ń gba lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá rí ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ lára àpòòwé, á sáré lọ gbá yàrá iwájú.